Kí A Tó Fọwọ́ Kan Ọkọ̀ Tuntun Rẹ, Àjọkẹ́

Boribana, Àbíjàn
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn òjò

Àjọkẹ́ mi, ọmọ tí mo fi oríkì ìyá mi pè,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ tuntun tó wà lọ́wọ́ rẹ, mo sì kí ọkọ̀ náà pàápàá, nítorí mi ò mọ bí mo ṣe lè kí ọ báyìí kí n má kí òun. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. Láti ọjọ́ Àìkú tí o ti gbé e kúrò níwájú ilé wa, o ò pè mí lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ o kì í jẹ́ kí ọjọ́ méjì kọjá kí o má pè. Ìyá rẹ ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé inú rẹ á rọ̀ tó bá yá. Èmi ò lè dúró dìgbà tó bá yá. O ti sọ pé bí mi ò bá ṣe é, o máa gbé e lọ bá wẹ́dà mìíràn ní Adjamé ní Sátidé, ọ̀tunla sì ni Sátidé.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu, ìwọ á bọ́ sí Faransé, èmi á dúró sí Yorùbá, ohùn wa á ga, àwọn aládùúgbò á yọjú, ọ̀rọ̀ á sì bàjẹ́. Nínú ìwé, o ò lè já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo mọ̀ pé Yorùbá tí o ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tí o ń sọ lọ, kíkà rẹ̀ sì tún nira fún ọ díẹ̀. Kà á sókè, bí o bá ti ń gbọ́ ohùn ara rẹ, á máa yé ọ. Má fún ẹlòmíràn kà bá ọ. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọjọ́ Àìkú náà ṣe rí lójú tèmi. Nígbà tí pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ jáde wá gbàdúrà sí ọkọ̀ Arábìnrin Àjọkẹ́, mo rò pé ọ̀kan lára àwọn tí a ti ń rí látọjọ́ yìí ni, àwọn tí wọ́n ti lò gbó lọ́hùn-ún kí wọ́n tó kó wọn wá sí pọ́ọ̀tù wa, tí gbogbo Àbíjàn ń pè ní “France au revoir”. Irú wọn ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe iṣẹ́ wẹ́dà lé lórí. Mo jáde, mo rí baṣé funfun kan, akẹ́rù kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọ̀rá ilé iṣẹ́ ṣì wà lórí àga rẹ̀. Àwọn ará ìjọ ń gbọ́wọ́ lé e, wọ́n ń ṣe àmín kíkan kíkan. Èmi gbé ọwọ́ mi sókè, mi ò lè gbé e lé e lórí. Ọwọ́ mi le, ó sì há, ẹ̀rù ń bà mí pé á fi àpá sí i lára.

Ọmọ mi ló ni nǹkan yìí, mo ń sọ fún ara mi. Ọmọ tí a bí sí yàrá kan ṣoṣo, tí omi ọ̀sà máa ń wọlé bá lórí ẹní bí òjò bá pọ̀. Ọmọ tó ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní pọ́ọ̀tù fún ọdún mélòó kan, tó ń wo àpótí karó, àwọn òkúta dídán tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé, bí wọ́n ṣe ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀, títí tó fi pinnu pé òun náà á máa gbé wọn lọ fún àwọn tó ń kọ́lé. Bàbá mi kò ní kẹ̀kẹ́ rí. Èmi ò tíì ra ọkọ̀ tí kò sí òógùn ẹlòmíràn nínú àga rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà tóbi jù fún ẹnu mi, n kò tilẹ̀ rántí kí ọ kú oríire. Kú oríire, ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí ọ ni.

Láti ṣọ́ọ̀ṣì, o gbé e wá sílé tààrà, gẹ́gẹ́ bí gbogbo àwa ará ibí ṣe máa ń ṣe: bí pásítọ̀ bá ti gbọ́wọ́ kúrò, wẹ́dà ló kàn. O ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, o fi àwọn sípíríǹgì tí o ti rà hàn mí, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tò léra wọn lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kó lè ru ẹrù, méjì fún òsì, méjì fún ọ̀tún.

“Papa, ẹ wò ó, c'est neuf deh! Ẹ fi deux kún un à gauche, deux à droite, kó ga bíi ti àwọn transporteurs tó ń kẹ́rù. Après, ẹ gé etí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi irin grille tó ga sí i.”

“Nísinsìnyí?”

“Maintenant, Papa. Tout le monde ń ṣe é kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Òótọ́ lo sọ. Èmi ni mo máa ń sọ pé gbogbo ayé ló ń ṣe é. Mo gbé páálí kan sílẹ̀, mo wọ abẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú aṣọ ìjọsìn mi, ìyá rẹ ń pariwo pé ta ló máa fọ̀ ọ́. Mo pẹ́ lábẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí mo jáde, mo ní kì í ṣe òní. O ní, “C'est quand alors?” Mo ní mi ò mọ ìgbà tó máa jẹ́. O wo ọwọ́ mi, o sì sọ ọ̀rọ̀ tó ṣì ń dùn mí: “Papa, ṣé ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n ni? Ẹ ti vieux?”

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lóòótọ́. Kì í ṣe ọjọ́ orí ló fà á. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lábẹ́ ibẹ̀ fún ọ.

Mi ò tíì rí abẹ́ ọkọ̀ tó mọ́ láti ìgbà tí irun mi ti di funfun. Ohun tí mo mọ̀ sí abẹ́ ọkọ̀ ni ìpẹtà, ọ̀rá dúdú, àti àpá iná àwọn wẹ́dà tó ṣáájú mi. Abẹ́ tìrẹ dàbí abẹ́ tábìlì tuntun. Gbogbo nọ́ọ̀tì tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀dà pupa tín-ín-rín sàmì sí. Mo wo ọ̀kan, mo wo èkejì, mo wò wọ́n tán. Ó wá yé mi pé ẹnì kan dúró níbi tí mi ò mọ̀, ó de nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó sì fà á ní ilà láti fi hàn pé òun ti dè é bó ṣe yẹ. Kò mọ̀ ọ́, kò mọ Boribana. Síbẹ̀ ó de nọ́ọ̀tì fún ọ bí ẹni tó ń dè é fún ọmọ ara rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀. Nígbà tí mo jáde, mo sọ fún ọ pé yanrìn ló wọ̀ mí lójú.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ọ̀pá kan. Ọ̀pá tín-ín-rín ni, ó wà láàárín, lẹ́yìn. Ìtàn ọ̀pá náà ni ọ̀rọ̀ tí mi ò tíì sọ.

Nígbà tí a ò tíì bí ọ, ọdún kan péré lẹ́yìn tí mo gbé ìyá rẹ níyàwó, mo ti di gbajúmọ̀ wẹ́dà ní Adjamé. Gbajúmọ̀ náà ló kó bá mi. Oníṣòwò kan tó ti ìlú wa wá, tí a ń pè ní Bàbá Onísìmẹ́ńtì, ra baṣé tuntun. Ọkọ̀ tuntun ṣọ̀wọ́n gan-an nígbà náà. Láti pọ́ọ̀tù ló ti gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kò tíì gbé àpò kan ṣoṣo nínú rẹ̀ rí. Ó ní kí n fún un lágbára. Ǹjẹ́ mo tiẹ̀ fara balẹ̀ wò ó? Rárá o. Bí mo ṣe ń ṣe àwọn ògbólógbòó ni mo ṣe òun náà. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo kó irin lé irin, títí ó fi gbé ìdí sókè bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Àwọn dẹ́rẹ́bà ti ìdíkọ̀ wá wò ó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi, orí mi sì wú.

Ọ̀pá kan wà lábẹ́ ibẹ̀ tó ń dí mi lọ́wọ́. Wọ́n de ìdí rẹ̀ mọ́ irin ńlá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, orí rẹ̀ sì wọnú nǹkan kékeré kan tí páìpù bíréèkì gbà kọjá. Nítorí pé mo ti gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ọ̀pá náà ò gùn tó mọ́. Mi ò rí irú rẹ̀ rí lára àwọn ògbólógbòó, torí àwọn tó ti tún wọn ṣe ṣáájú mi ti yọ ọ́ dànù. Mo bá tú u, mo fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan kó má baà máa pariwo. Mo tún fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn òyìnbó fẹ́ràn kí wọ́n máa kó ìranù sára ọkọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Bàbá Onísìmẹ́ńtì di ẹrù kún un, ó ní kí n fúnra mi wà á lọ síbi tí wọ́n ti ń retí sìmẹ́ńtì náà, kí òun lè rí i pé iṣẹ́ mi dára. Mo ní kí ìyá rẹ bọ́ síwájú, kí n lè gbé e délé lọ́nà. Ẹrù kọ́ ni mo rò, mo fẹ́ kó rí mi nínú ọkọ̀ tuntun ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ pa àga bí ẹni ń pa aṣọ tuntun. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. A dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà, mo tẹ bíréèkì.

Táyà iwájú dúró, wọn ò yí mọ́. Ti ẹ̀yìn, níbi tí gbogbo ẹrù wà, ń tì wá lọ. Mo yí sítíà sọ́tùn-ún, kò gbọ́. Mo yí i sósì, kò gbọ́. Kò tilẹ̀ yára, ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nìyẹn. À ń lọ díẹ̀díẹ̀, mo ń rí ògiri tí a máa kọ lù, mi ò sì lè ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ tí ìyá rẹ jókòó sí ló kan ògiri.

Ẹsẹ̀ ìyá rẹ tó ń tiro yẹn, Àjọkẹ́, ibẹ̀ ló ti rí i. Èmi ni mo sọ fún ọ nígbà tí o wà ní kékeré pé orí àtẹ̀gùn ló ti ṣubú. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o gbà á gbọ́, ìyá rẹ ò sì já mi nírọ́.

Gbogbo ènìyàn ní òjò ni. Ìjọ dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó kú, Bàbá Onísìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ń tù mí nínú. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọkọ̀ náà fún àgbà mẹkáníìkì ọmọ ẹ̀yà Jùlà kan, Vieux Bakary là ń pè é. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pè mí. Ó fi ìka kan wáyà náà, ó bi mí pé ta ló so ó.

“Petit, qui a attaché ça?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e wá láti ọ̀hún. Ó wò mí títí.

“Fer qui est là, il a son travail,” ló wí. Irin tó bá wà níbẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó wá fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Bí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn, ara ọkọ̀ á wálẹ̀, ọ̀pá náà á mọ̀ ọ́n, á sì jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn di táyà mú dáadáa. Bí kò bá sí ẹrù, ara ọkọ̀ á wà lókè, ọ̀pá á ní kí bíréèkì ẹ̀yìn rọra. Èmi gbé ara ọkọ̀ sókè kó má wálẹ̀ mọ́, mo tún tú ọ̀pá tí ì bá sọ òótọ́. Àpò sìmẹ́ńtì kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ọkọ̀ ò sì mọ̀ pé òun ru nǹkan kan.

Mo ní ó yé mi. Mi ò sọ pé èmi ni mo so ó. Mo jẹ́ kí òjò ru ẹ̀bi mi, mo jẹ́ kí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ru ú, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà mi ò so ọ̀pá kankan mọ́, ṣùgbọ́n mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo rí ọ̀pá náà lábẹ́ tìrẹ, ó ń dán, ilà pupa wà lára nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ọmọ mi, ẹnì kan ti ro ẹrù rẹ kí ìwọ gan-an tó mọ̀ pé wàá ra ọkọ̀. Ó ro karó, ó ro òjò, ó ro gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì fi ọ̀pá kan síbẹ̀ tí á máa wọn ẹrù fún ọ lójú ọ̀nà láìsọ̀rọ̀. Mo dùbúlẹ̀ sórí páálí, mo ń wò ó, ẹnu yà mí ju ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí ọkọ̀ ojú omi lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọwọ́ mi gbọ̀n.

Nísinsìnyí, ìmọ̀ràn. Mo fẹ́ kà á ní oókan, eéjì, bí bàbá tó gbọ́n.

Èkíní, má tíì fi nǹkan kan kún un. Wà á lófìfo, wà á pẹ̀lú ìdajì ẹrù, wà á pẹ̀lú ìwọ̀n tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ pé kó rù, má fi kíló kan lé e. Wà á lójú ọ̀nà gbígbẹ, kí o sì wà á nínú òjò. Jẹ́ kí ìgbà òjò kan bẹ̀rẹ̀ kó sì parí lórí rẹ̀. Fi ìwé kékeré kan sínú àpótí iwájú, ohun tí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kọ ọ́ síbẹ̀. Èyí tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbàgbé rẹ̀. Èyí tó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu lóṣooṣù, ìyẹn ni a jọ máa jókòó lé lórí. O ò tíì mọ ìwà ọkọ̀ yìí, Àjọkẹ́, o sì ti fẹ́ tún ìwà rẹ̀ ṣe. Ọ̀nà tí mo gbà fẹ́ ìyá rẹ nìyẹn, ó sì gbà wá ní ọdún mẹ́ta ká tó lè jẹun pọ̀ láìjà.

Èkejì, gbogbo àtúnṣe kọ́ ni mo kọ̀. Ohun tí o bá lè tú kúrò ní ọ̀sán kan tí kò ní fi àpá sílẹ̀, ṣe é lónìí, mi ò bá ọ jà. Tẹ́ rọ́bà sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí àpótí karó má baà ha á. Ra tapólì tó nípọn àti okùn gidi. Ran aṣọ sí àga, kí o sì yọ ọ̀rá yẹn kúrò, ooru á pa ọ́. Iná àti ayùn irin ni mo ní kó dúró.

Ìwé kan tún wà tí wọ́n fún ọ níbi tí o ti rà á, garantie. Wọ́n ṣèlérí níbẹ̀ pé bí nǹkan rẹ̀ bá bàjẹ́ fúnra rẹ̀ láàárín àkókò kan, àwọn ni wọ́n máa tún un ṣe. Bí èmi bá ti fi iná kan irin rẹ̀, ìlérí yẹn lè parí. Kà á dáadáa, ìwọ lo lọ sílé ìwé. Nígbà tí o bá sì gbé e lọ fún sẹ́fíìsì àkọ́kọ́, má jókòó sí pálọ̀ wọn kí o máa wo tẹlifíṣọ̀n. Wá mẹkáníìkì tó wọ abẹ́ rẹ̀, kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bi í pé: kí ni mo lè fi kún un? Bí mo bá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, kí ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e? Bí kò bá dárúkọ ọ̀pá yẹn, bi ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ẹnu àwọn ènìyàn. O ò ní tíì dé Adjamé tán tí wọ́n á ti máa kígbe pé ọkọ̀ rẹ dùbúlẹ̀, kí o gbé e sókè: “Tantie, ta bâchée est couchée deh! Faut lever ça!” Rẹ́rìn-ín sí wọn, sọ pé “ça va venir”, pé ó ń bọ̀, kí o máa lọ. Mo mọ̀ bó ṣe ń rí lára. Ohun tuntun àkọ́kọ́ tí mo rà láyé mi ni mobilẹ́ẹ̀tì kan, alùpùpù kékeré. Ní ọjọ́ tí mo rà á gan-an, mo yọ páìpù tó ń pa ariwo rẹ̀, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ohùn rẹ̀ dàbí ohùn obìnrin arúgbó. Ó pariwo lóòótọ́, gbogbo àdúgbò ló ń mọ ìgbà tí mo bá ń bọ̀. Kí oṣù méjì tó pé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bàjẹ́, mo ń tì í lọ lójú ọ̀nà, àwọn ọ̀rẹ́ yẹn kan náà ń fi mí ṣe ẹ̀sín. Àwọn tó ń kígbe ní ìdíkọ̀ kò ní jókòó tì ọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Sípíríǹgì lè jẹ́ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ ru ohun tí bíréèkì rẹ̀ kò lè dá dúró. Fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tí mo kọ lọ. Bí karó bá pọ̀ ju ìwọ̀n, gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Oníbàárà tí kò bá lè dúró de ẹ̀ẹ̀kejì, jẹ́ kó lọ. Inú rẹ ò ní dùn sí ìmọ̀ràn yìí, torí o fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́ ní pọ́ọ̀tù pé o yára. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́ pé karó rẹ kì í fọ́.

Mi ò rántí iye tí mo kà dé mọ́. Jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè rẹ, nítorí ó tọ́ kí o bi mí, èmi ni mi ò ní ìdáhùn lẹ́nu lọ́jọ́ náà. “C'est quand?” Lẹ́yìn sẹ́fíìsì àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìgbà òjò kan, ní ọjọ́ tí o bá lè sọ fún mi pé nǹkan kan báyìí ló kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀, tí mo bi ọ́ pé kí ló dé, tí ìdáhùn rẹ kì í sì í ṣe “tout le monde ń ṣe é”. Ọjọ́ náà ni. Gbé e wá. Èmi ni mo máa ṣe é, ọwọ́ mi ò ní gbọ̀n. Nǹkan kan ṣoṣo ni a máa ṣe lẹ́ẹ̀kan, wàá wà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó fọwọ́ kan òmíràn. Irin tí a bá yọ, a ò ní jù ú nù, ká lè dá a padà bó bá yẹ. Bí a bá sì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, kí n tó gbé iná sílẹ̀, ọ̀pá yẹn ni mo máa kọ́kọ́ tún tò, ìwọ á sì dúró tì mí kí o rí i.

Mo rò pé ìwé mi parí síbí. Ṣùgbọ́n ó hàn sí mi pé kò yẹ kí ìwọ ka ọ̀rọ̀ ọ̀pá náà kí ìyá rẹ tó gbọ́ ọ. Nírọ̀lẹ́ yìí, ó jókòó, ó ń gán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù ìjọsìn mi. Mo ní kó fetí sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé yìí fún un láti òkè. Mi ò fo ibi wáyà náà. Mo kà á dé òpin.

Kò gbé ojú kúrò lára bọ́tìnnì.

“Bakary ti sọ fún mi,” ló wí. “Nílé ìwòsàn. Ó wá kí mi, ó sì sọ ọ́ fún mi.”

Mo ní, “Láti ìgbà náà?”

“Láti ìgbà náà, Bàbá Àjọkẹ́.”

“Kí ló dé tí o ò fi bi mí?”

“Mo fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín ni. Ó pẹ́ o. Ó pẹ́ gan-an. Ó bí mi nínú títí, nígbà tó yá, ó rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ọ́ báyìí.”

Mo sunkún, Àjọkẹ́. Mi ò ní pe ti òní ní yanrìn. Gbogbo ọdún tí mo fi rò pé mo ń fi nǹkan pamọ́ fún un, òun ló ń bá mi gbé e. Mo ti rí abẹ́ ọkọ̀ tó yà mí lẹ́nu ní ọjọ́ Àìkú, mi ò mọ̀ pé mo ń bá ohun tó yani lẹ́nu jù ú lọ gbé nínú ilé.

O mọ̀ pé nínú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré wa, ẹ̀yìn pátápátá ni ìyá rẹ máa ń lọ jókòó. O máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń sá fún dẹ́rẹ́bà. Láti ọjọ́ ògiri yẹn, kò jókòó síwájú ọkọ̀ kankan mọ́, ìbáà jẹ́ takisí, ìbáà jẹ́ ti ìjọ. Nígbà tó já òwú tán, ó ká ẹ̀wù náà, ó sì ní kí n mú kálàmù mi, kí n kọ ọ̀rọ̀ òun sí i bí òun ṣe sọ ọ́ gan-an. Òun rèé:

“Àjọkẹ́, má gbé ọkọ̀ náà lọ sí Adjamé ní Sátidé. Gbé e wá sílé kí o tó lọ sí pọ́ọ̀tù, bí wọ́n ṣe ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ jókòó síwájú.”

Èmi bàbá rẹ,
Àkànní wẹ́dà